Kí Ẹ Tó Ra Katapílà Mìíràn, Ẹ Mú Ìwé Gírísì Ti Àkọ́kọ́ Wá

Bí apá katapílà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, tó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ nígbàkúùgbà tí awakọ̀ bá yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín ni pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Wọ́n á ní tòkunbọ̀ ni. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa ló le jù. Èmi kò gbà pé ọjọ́ orí ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ebi gírísì ló ń pa wọ́n, awakọ̀ tó jókòó lórí ẹ̀rọ kọ́ sì ni mo fẹ́ dá lẹ́bi jù. Ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé owó ni, ẹni tó gbà kí wọ́n ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, ṣùgbọ́n tí kò gbà kí wọ́n ra garawa gírísì kan. Ẹ̀rọ tí mo ń sọ ni èyí tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá níwájú, tó tún ní apá gígùn lẹ́yìn, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ backhoe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kàn ń pè ní JCB, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Òun ni ìjọba ìbílẹ̀ fi ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí òjò tó dé, òun ni kọngílá fi ń gbẹ́ ojú páìpù omi àti ìpìlẹ̀ ilé. Bí ó bá dákẹ́, iṣẹ́ àdúgbò kan dákẹ́ nìyẹn.

Ohun tó so apá náà pọ̀ ni irin róbótó kan tí wọ́n ń pè ní píìnì, tó wọ inú irin oníhò tí wọ́n ń pè ní búúṣì. Wọ́n wà níbi gbogbo tí apá ti ń ṣẹ́: ní ìdí rẹ̀ lára ẹ̀rọ, ní ìgbúnwọ́ rẹ̀, ní ọrùn bọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ní orí àti ìdí gbogbo sìlíńdà tó ń tì í. Ẹ jẹ́ ká ṣírò agbára tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Sìlíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 100, tí ọ́ìlì ń tì ní 200 bar, lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 16. Orí píìnì tí kò nípọn ju nǹkan bí mílímítà 50 lọ ni gbogbo ẹrù yẹn ń gúnlẹ̀ sí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láti àárọ̀ títí dalẹ́. Bí gírísì bá wà láàárín píìnì àti búúṣì, irin kò ní máa họ irin. Bí kò bá sí, ńṣe ni wọ́n ń jẹ ara wọn. Gírísì tó dára fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n fi lithium ṣe tí wọ́n sì po molybdenum mọ́, nítorí molybdenum máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin, a sì máa dúró síbẹ̀ nígbà tí ẹrù bá ti fún gírísì yòókù jáde. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn kan ń ta sí oríkèé, kò lè rọ́pò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ṣàn dànù, ẹ̀gbin tó sì wà nínú rẹ̀ ń ran yanrìn lọ́wọ́ ni.

Fífún gírísì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi àkísà nu ẹnu ibi tí gírísì ń gbà wọlé, kí gírísì gọ́ọ̀nù má baà fún yanrìn ọjọ́ àná wọ inú búúṣì. A ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó fún gírísì títí tuntun yóò fi yọ ní etí méjèèjì tí yóò sì ti dúdú ìṣáájú jáde. Lẹ́yìn náà, a ó tan ẹ́ńjìnnì, a ó yí bí apá ṣe dúró padà, a ó tún pa á, a ó sì tún fún un. Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù ti ń tẹ píìnì mọ́ búúṣì ni gírísì kì í lè wọ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ló sì nílò rẹ̀ jù. Ibi tí à ń fún ní gírísì lé ní ogún lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n dáadáa kò ní lo ju ìdajì wákàtí lọ. Lójoojúmọ́ ló yẹ kí èyí máa wáyé bí iṣẹ́ bá wà nínú ẹrẹ̀ àti omi gọ́tà, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ̀rọ.

Ohun tí àìsí gírísì ń fà kì í tètè hàn. Bí búúṣì bá jẹ tó mílímítà kan, ojú lásán lè má rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí apá, níbi tó ti ń yí sọ́tùn-ún sósì. Píìnì méjì ló gbé e dúró, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ká ní ìdajì mítà ló wà láàárín wọn, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì sì jìnnà sí wọn tó mítà márùn-ún. Àyè mílímítà kan ní ìdí yóò di mílímítà mẹ́wàá lẹ́nu bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ò sì tíì ka ti ìgbúnwọ́ mọ́ ọn. Awakọ̀ tó ń wá páìpù tàbí wáyà iná nínú ilẹ̀ kò lè fi ọkàn tán irú apá bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé bí àyè bá ti wà, píìnì kì í yí jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́. Ńṣe ló ń gbá ihò náà bí òòlù. Búúṣì ni wọ́n dìídì ṣe pé kó jẹ dípò apá, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó apá. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ihò ara apá gan-an ni yóò máa fẹ̀ sápá kan. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nígbà tó bá dà bẹ́ẹ̀, wẹ́dà ni wọ́n ń sáré pè. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wẹ́dà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ki irin pélébé bọ àyè tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì jó píìnì mọ́ apá pọ̀, kì í ṣe àtúnṣe. Píìnì tí wọ́n bá jó mọ́ apá ti wọ́ kúrò ní ààyè rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ ọ́, gáàsì ni wọ́n ó fi gé e. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n fi iná jó irin kún ihò náà, kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ ìlu-ihò tí wọ́n lè gbé dé orí iṣẹ́ lu ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè dọ́gba gbọọrọ, kí wọ́n tó ti búúṣì tuntun wọlé. Tọ́nà tó mọṣẹ́ wà lọ́dọ̀ wa tí yóò gbẹ́ píìnì àti búúṣì tó bá ihò mu wẹ́kú. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà máa ń fi dandan lé e pé irin tí owó rẹ̀ rọjú ni kí wọ́n lò. Irin rírọ̀ tí wọn kò fi iná mú le kò ní pẹ́ jẹ, wọ́n á sì wá sọ pé tọ́nà ni kò mọ iṣẹ́. Ẹ sọ fún wẹ́dà náà pé kó so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ibi tó ń jó gan-an. Bí iná bá gba inú sìlíńdà tàbí píìnì kọjá, ó lè bu ojú irin dídán jẹ.

Ti sìlíńdà yàtọ̀ díẹ̀, ọ́ìlì ni oúnjẹ inú rẹ̀. Ọ̀pá dídán tó ń wọlé tó ń jáde lára rẹ̀ ní aṣọ króòmù tí kò nípọn tó irun orí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sínú òjò fún oṣù mélòó kan, tí ọ̀pá náà sì wà níta, ibi kéékèèké yóò dógùn-ún lára rẹ̀, ibi yẹn ni yóò sì máa fa síìlì, ohun tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ya ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì láìwo ojú ọ̀pá ń da owó sómi. Kí wọ́n fi èékánná họ ọ́ wò. Bí èékánná bá kọ́ sí ibì kan, ọ̀pá yẹn ní láti gba àtúnṣe kí síìlì tuntun tó wọlé. Bákan náà, bí apá bá ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, kí mẹkáníìkì má tíì tú sìlíńdà. Ó lè jẹ́ síìlì inú rẹ̀ ló ti lọ, ó sì lè jẹ́ fáàfù ni kò pa mọ́. Ẹni tí kò bá yẹ méjèèjì wò yóò ra ohun tí kò bàjẹ́. Ó sì di dandan kí n sọ èyí: ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń tú lára họ́òsì. Ọ́ìlì tó ń gba ojú ihò bí ojú abẹ́rẹ́ jáde lè gún awọ ara wọlé, ọgbẹ́ náà á dà bí ohun tí kò tó nǹkan, wọ́n sì lè gé ọwọ́ nítorí rẹ̀ bí onítọ̀hún kò bá dé ilé ìwòsàn kíákíá. Páálí ni kí wọ́n fi wá a.

Àwọn kan á sọ pé gírísì ló ń kó yanrìn jọ, pé oríkèé gbígbẹ sàn ju èyí tó ní ẹrẹ̀ dúdú yí ká lọ. Òótọ́ ni pé yanrìn ń lẹ̀ mọ́ gírísì, ṣùgbọ́n etí òde ló ń lẹ̀ mọ́. Gírísì tuntun tó ń yọ jáde ló ń lé e sẹ́yìn, òun náà ló sì dí ọ̀nà tí yanrìn ì bá gbà wọlé. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ wọn ti tọ̀nà ni ọ̀pá dídán sìlíńdà: kò yẹ kí gírísì wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn á ní búúṣì kan ti wà báyìí tó lè lọ tó 500 wákàtí kí wọ́n tó fún un ní gírísì. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wà lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté wọlé, 500 wákàtí náà sì ní òpin.

Èyí tó lágbára jù nínú àtakò wọn ni ti owó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí, gírísì náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní iye tí ìjọba ń pè é kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ti ré kọjá náírà 1,500 nínú oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀rọ tí à ń fi dọ́là rà ló sì kọ́kọ́ jẹ ìyà yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ti wọ́n tó yìí, ìdí wo ló kù láti jẹ́ kí ó jẹ ara rẹ̀ tán? Wọ́n tún ń sọ pé bí a bá fún awakọ̀ ní gírísì, á tà á. Ó lè tà á. Àmọ́ kò sí ohun tó rọrùn láti yẹ̀ wò tó èyí, torí gírísì tuntun tó yọ sétí oríkèé kò ṣeé parọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó bá rìn yí ẹ̀rọ ká láàárọ̀ á mọ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé kọngílá tó ń sanwó ẹ̀rọ ní wákàtí wákàtí kì í ka ìdajì wákàtí gírísì mọ́ iṣẹ́, awakọ̀ á sì fò ó kó má baà pàdánù.

Ní ti tòkunbọ̀, ọjọ́ orí nìkan kò pa ẹ̀rọ yìí. Ọdún 1953 ni JCB ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé 3C jáde lọ́dún 1963, àwọn kan nínú àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn ṣì ń gbẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, kó ní kí awakọ̀ rọra tì í mọ́lẹ̀ kó sì tún fà á sókè, kí òun fúnra rẹ̀ dúró lókèèrè kó máa wo etí píìnì. Bí píìnì bá fò kí apá tó tẹ̀lé e, owó búúṣì gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.

Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá nínú Nàìjíríà. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Kí gírísì, búúṣì àti síìlì ní ìlà tiwọn nínú ìwé ìnáwó ọdọọdún, kí wọ́n má fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ “àtúnṣe ọkọ̀.” Kí ìwé kan wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ wákàtí inú mítà sí nígbà tí wọ́n bá fún un ní gírísì, kí ẹnjiníà sì máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí alága tó bá tún fẹ́ kọ̀wé béèrè owó katapílà tuntun kọ́kọ́ fi ìwé gírísì èyí tó wà nílẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ ìnáwó sì dá a padà bí kò bá sí níbẹ̀.