Lẹ́kí Nìkan Kọ́ Ni Èkó

Kí oṣù Ọ̀wàrà tó parí ni ìpè á ti máa wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Houston, láti Toronto: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa wá ilé sí Lẹ́kí o, a ń bọ̀ wá ṣọdún." Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, tó jẹ́ pé ìgbéyàwó kan péré ló ń bá bọ̀, Lẹ́kí lòun náà ń béèrè. Ẹ ò ní gbọ́ Yábà lẹ́nu wọn, ẹ ò ní gbọ́ Sùúrùlérè. Bẹ́ẹ̀, Ìkẹjà ni bàálù máa já wọn sí, Agége ni ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ kí ń gbé, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ jó wà ní Maryland, ẹni tí wọ́n gbé ẹrù fún sì ń bẹ ní Ìṣọlọ̀.

Mi ò bá Lẹ́kí jà. Ẹni tó jẹ́ pé etí òkun, ilé ijó àti agbo orin ńláńlá Victoria Island nìkan ló bá wá, kó gba ilé sí ìtòsí wọn, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó ń fowó ra ìyà nítorí orúkọ àdúgbò ni mò ń bá wí. Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, tí wọ́n ń fi ìwọ̀nba owó gbà nínú oṣù Agẹmọ, owó rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Kérésìmesì bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, torí gbogbo wa la jọ ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Owó yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ọ̀nà ni.

Ẹ wo obìnrin tó sùn sí ìtòsí Ajah, tó fẹ́ lọ sí òwàḿbẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé kan láàárín oṣù Ọ̀pẹ. Ó ti wé gèlè kó tó jáde nílé, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá òun wé e níbẹ̀. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àdúgbò apá ibẹ̀ ń tú sí, gbogbo wọn ló sì jáde lọ́jọ́ náà. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, Third Mainland ń dúró dè é, afárá oníkìlómítà 11.8 tí wọ́n ṣí ní 1990, tí kò tíì fẹ̀ sí i láti ìgbà náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ń pọ̀ lójoojúmọ́. Kó tó dé Ìkẹjà, gèlè ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yìn aṣọ ẹbí ti rún, ìyàwó ti jó wọlé tán, wọ́n sì ti ń kó abọ́ ìrẹsì kúrò nílẹ̀. Alẹ́ ló kù tó máa tún fi jìyà àbọ̀.

Ìjọba ológun ayé ọjọ́sí ti gba àlejò sílé lọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí rí. Nígbà àjọ̀dún FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, tí àwọn èèyàn dúdú káàkiri àgbáyé rọ́ wọ Èkó, Victoria Island kọ́ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìlú tuntun ni wọ́n kọ́ fún wọn lójú ọ̀nà tó lọ sí Àgbádárìgì, òun náà là ń pè ní Festac Town títí dòní. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé náà fún ará ìlú. Àwọn òpópónà gbalasa tí wọ́n fi nọ́ńbà pè ṣì wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n ń fi gbàlejò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ní 1977, tó wá wà báyìí, ni rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 tó wà nítòsí Festac lọ sí Marina. Kìlómítà 13 ni, kì í sì í gbà tó ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá gun ún láàárọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ sí Lagos Island nígbà tí àwọn tó sùn sí Ajah ṣì ń fọn fèrè sára wọn. Àléébù ibẹ̀ ò farasin: àwọn tírélà tó ń lọ kó ẹrù ní èbúté Àpápá lè dí Mile 2 pa, ẹ má sì gba ilé tó kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀ yẹn tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Ẹ̀ka rélùwéè kejì, aláwọ̀ pupa, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ó gba Àgbádò, Ijù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Muṣin àti Yábà dé Oyíngbò. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ méjèèjì, ẹ tètè ra tiyín. Rélùwéè yìí ló mú kí n máa kì Yábà fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku pa èèyàn ní Èkó ní àwọn ọdún 1920 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, Yábà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n wọn ojúlé sí. Ìdí nìyẹn tí òpópónà ibẹ̀ fi tọ́, téèyàn kì í fi í sọnù bọ̀rọ̀. Oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ lóru lọ́sàn-án, ọjà Tẹjúoṣó wà níbẹ̀, ẹ sì lè gba Adékúnlé bọ́ sórí Third Mainland tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Island. Ariwo ò sì wọ́n o. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó lọ sí Ìkẹjà GRA, níbi tí igi ṣì wà, tí pápákọ̀ òfúrufú ò jìnnà, tí New Afrika Shrine àti ilé Kalakuta tí Fẹlá gbé náà sì wà nínú Ìkẹjà kan náà. Gbàgádà àti Ogudu tún dára fún ẹni tó bá ní ọkọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún apá Berger sí Mowé lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ Rìdíìmù bá ń ṣe àpéjọ ńlá wọn nínú oṣù Ọ̀pẹ. Ọ̀nà Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹ bá ti mú àdúgbò, iná ló kàn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti ní káwọn tó wà ní ìsọ̀rí iná tí wọ́n ń pè ní Band A máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, wọ́n sì gbówó lé owó iná wọn. Nítorí náà ẹ má béèrè pé "ṣé iná wà?", torí kò sí onílé tó máa sọ pé kò sí. Ẹ béèrè band tí òpópónà náà wà, kí ẹ sì béèrè aago tí wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n máa ń pa á. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń pa á, tí ooru á sì gba yàrá lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí onílé pè yín lórí fóònù aláwòrán, kó rìn wọ balùwẹ̀, kó ṣí ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ rí àwọ̀ omi náà, kó ṣí fèrèsé kí ẹ gbọ́ ohun tó wà níta. Bí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣàìsùn tàbí ilé ọtí bá wà lẹ́yìn ògiri, etí yín á sọ fún yín. Ẹ tún béèrè bó ṣe jìnnà sí títì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Yábà àtàwọn ibòmíràn, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gbé àpótí wọlé tí kò bá sí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwòrán ilé olówó ni wọ́n máa jí, wọ́n á fi owó pọ́ọ́kú sí i lábẹ́, wọ́n á wá ní ẹlòmíràn ti fẹ́ san, pé kí ẹ yára. Ẹni tó kọ̀ láti gbé fóònù aláwòrán wọ inú yàrá, tí àkáǹtì tó fi ránṣẹ́ kò sì bá orúkọ ilé tó ń polówó mu, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí àbúrò yín kan lọ fojú rí i kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ bi wọ́n bóyá owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 àti ìdá márùn-ún tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé ìtura ti wà nínú iye tí wọ́n dá. Tí wọ́n bá gba owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n máa dá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ ya àwòrán àga tó ti já àti tẹlifíṣọ̀n tó ti sán lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ.

Ohun kan tí àwọn tó ń sùn sí Mainland kì í rántí ni géètì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì ló ń ti géètì wọn láàárín òru, agbo orin Island kì í sì í tú títí ìdájí. Rélùwéè ti sùn nígbà yẹn. Ẹ gba kóòdù lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí mégàádì mọ orúkọ yín. Tó bá jẹ́ pé alẹ́ orin kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ gba yàrá alẹ́ ọjọ́ kan sí Island fún òun nìkan, kí ẹ sì fi ẹrù yín sílẹ̀ ní Ìkẹjà.