Ìmọ̀ Átọ́ọ̀mù Kì í Ṣe Ti Àdó-Olóró Nìkan



Bí ọmọ Mùsùlùmí kan bá sọ lónìí pé iṣẹ́ ẹnjiníà átọ́ọ̀mù ni òun fẹ́ kọ́, èsì méjì ni yóò gbọ́ nílé. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ àdó-olóró ni, irú èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima ní 1945. Àwọn oníṣòwò yóò béèrè èrè tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkínní. Ọlọ́run fi yé wa nínú Sura Al-Hadid pé agbára líle àti àǹfààní fún ènìyàn ń bẹ nínú irin. Irin tí a fi rọ ọkọ́ náà ni a fi ń rọ idà. Bẹ́ẹ̀ ni átọ́ọ̀mù rí. A ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wa, ní United Arab Emirates, ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù mẹ́rin ní Barakah ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná mànàmáná wọn. Èkínní bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní iná ní 2020.

Ní ti èrè, ká má tan ara wa jẹ. Láti 1976 ni ìjọba ti ṣe òfin ìgbìmọ̀ átọ́ọ̀mù fún Nàìjíríà, síbẹ̀ títí di òní a kò ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù kan. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Zaria láti 2004, ti ìwádìí ni, kò lè tan iná fún ìlú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà. Àjọ ìjọba tí ó ń ṣọ́ ìlò ìtànṣán ní ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ epo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2001. Nílé wa níbí ńkọ́? Ní Ìjerò, àwọn ènìyàn ń wa lithium, tin àti tantalite. Nígbà mìíràn uranium àti thorium díẹ̀ máa ń wà nínú òkúta tantalite. Ta ni yóò wọ̀n ọ́, kí ẹni tí ń wà á àti ẹni tí ń rà á má baà fara pa?

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ bàbá wa kò fi ọmọ sí ilé-ìwé mísọ́nnù, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò yí i lẹ́sìn padà. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì dé, àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni ó jókòó síbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Lónìí kò sí ẹni tí yóò ní kí ọmọ yín yí orúkọ padà kí ó tó kọ́ átọ́ọ̀mù. Kí ni àwáwí wa?

Ọ̀nà tí ẹ fi ń na ọjà láti Àrámọkọ, gba Ẹ̀fọ̀n dé Iléṣà, ó dé Ifẹ̀, níbi tí ilé ìwádìí ìmọ̀ agbára ti wà ní Yunifásítì láti 1976. Kí ọmọ, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, di ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì mú ṣinṣin láti ilé-ìwé girama. Kí ó kọ́kọ́ gba oyè nínú físíìsì tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà, kí ó tó wá tẹ̀ síwájú. Kí ẹ̀yin òbí yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí wólímọ̀, kí ẹ fi san owó olùkọ́ ìṣirò. Ànábì wa sọ wíwá ìmọ̀ di dandan fún Mùsùlùmí. Kò sọ pé kí a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.