Ẹ Má Fi Íntálọ́ọ̀kù Bo Ilẹ̀ Pupa Ẹ̀yìn Láàbù
Láti ọwọ́ ọmọ Press Club kan, SS 2

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀yìn láàbù ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ ní àsẹ́ńbílì: ní táàmù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi íntálọ́ọ̀kù bo gbogbo ibẹ̀ kí mọ́tò lè ríbi dúró sí. Ìdí méjì ni wọ́n sọ fún wa. Wọ́n ní ilẹ̀ amọ̀ ni, nǹkan ọ̀gbìn kì í ṣe dáadáa níbẹ̀. Wọ́n tún ní tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo wa ń kó wọ kíláàsì.

Ti ẹrẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Èmi náà ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ rí, gbogbo JSS 1 fi mí rẹ́rìn-ín. Ti amọ̀ ni mi ò gbà.

Láti JSS ni wọ́n ti kọ́ wa ní Agric pé ilẹ̀ pín sí mẹ́ta: yanrìn kì í di omi mú, amọ̀ máa ń di omi mú jù, loam ló dáa jù. A há a sórí, a kọ ọ́ ní tẹ́ẹ̀sì, a gba máàkì wa. Kò sí ẹni tó gbé ọkọ́ lọ wo èyí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, èmi àti àwọn méjì nínú Press Club lọ gbẹ́ ihò níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ. A bu erùpẹ̀ òkè, a bu èyí tó jìn tó ìwọ̀n apá, a tún bu èyí tó jìn dé orúnkún. A kó wọn sínú ike omi mẹ́ta, a da omi sí i, a mì í dáadáa, a sì tò wọ́n sójú fèrèsé láàbù. Ẹyọ yanrìn tóbi, kíá ló máa ń rì. Amọ̀ kéré gan-an, ẹyọ rẹ̀ kan kò tó 0.002 mílímítà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń léfòó pẹ́. Nínú ike àkọ́kọ́, erùpẹ̀ tó pọ̀ jù ti rì kí a tó parí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Ti orúnkún, omi rẹ̀ ṣì pupa bí epo nígbà tí a dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo tún fi ọwọ́ rin ín pẹ̀lú omi díẹ̀, ó gùn bí okùn, mo ká a bí òrùka, kò já.

Ẹ rí i pé ilẹ̀ náà kì í ṣe amọ̀ gbuurugbu. Yanrìn ló pọ̀ lókè, amọ̀ wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Àjàṣẹ́ wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ilẹ̀ ilé wa mà nìyí! Terre de barre ni." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi Faransé yangàn ni. Ìgbà tí mo wádìí ẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Barro ni àwọn Pọtogí ń pe amọ̀, àwọn Faransé wá sọ ọ́ di barre. Orúkọ tí wọ́n fún ilẹ̀ pupa gúúsù Benin àti Togo nìyẹn. Tí o bá wọ mọ́tò ní Iyana-Iba níbí, tí o gba ọ̀nà Badagry dé Sèmè, tí o kọjá sí Àjàṣẹ́, tí o wá yà sókè sí Sakété àti Pobè níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bíi tiwa, orí ilẹ̀ yẹn lo wà. Ó dé Kétu, ó dé Allada àti Abomey. Àwọn erùpẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n bí i kò sì dúró ní ààlà. Wọ́n wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé Jọ́gíráfì tiwa ń pè wọ́n ní coastal plain sands.

Ìwà ilẹ̀ yẹn bá ti inú ike wa mu. Lókè, yanrìn ló pọ̀, ọkọ́ ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Bí o bá ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, amọ̀ ń pọ̀ sí i, nínú ìwọ̀n 100 ó lè ju 40 lọ. Irin tó wà nínú rẹ̀ tó ti dógùn-ún ló sọ ọ́ di pupa. Omi òjò ń gba inú rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò sì lè rìn jìnnà nísàlẹ̀. Wọ́n ń gbin àgbàdo sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, wọ́n ń gbin pákí, ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Ọ̀pẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé Pobè ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti Benin wà. Òun náà ni wọ́n fi mọ ògiri ààfin àwọn ọba Abomey, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 1985. Ilẹ̀ tó bọ́ ìlú, tó tún kọ́lé ọba, ni àwa ń pè ní ilẹ̀ tí kò dáa.

Kí n má purọ́, amọ̀ tó le wà lóòótọ́. Láàárín Allada àti Abomey, ilẹ̀ kan lọ sísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lama, ìyẹn náà ọ̀rọ̀ Pọtogí ni, ẹrẹ̀ ló túmọ̀ sí. Ilẹ̀ dúdú yẹn nà dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá tó wà lẹ́bàá Pobè. Amọ̀ tiwọn máa ń wú tí omi bá dé, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn á sán débi tí ẹsẹ̀ lè há sínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé ní 1914, ẹrẹ̀ yẹn wà lára ohun tó gbèjà wọn, torí lásìkò òjò kò rọrùn fún àlejò láti wọ ibẹ̀. Amọ̀ pupa kì í wú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "ilẹ̀ amọ̀ ni", ó yẹ ká bi í pé amọ̀ wo?

Àléébù kan wà lára amọ̀ pupa ṣá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Kò lè di oúnjẹ irúgbìn mú púpọ̀ fúnra rẹ̀. Oúnjẹ wà nínú ewé tó jẹrà sí òkè. Ní Benin àti Togo, nígbà tí èèyàn pọ̀ sí i tí wọn ò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi mọ́, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ṣá, ẹ̀kan sì gba oko. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí àti àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Mono bẹ̀rẹ̀ sí í gbin mucuna láti tún ilẹ̀ náà ṣe. Ẹ mọ mucuna kẹ̀? Wèrèpè ni! (Ẹ̀yin SS 3 tẹ́ ẹ da wèrèpè sórí bẹ́ǹṣì wa lọ́dún tó kọjá, a ò tíì gbàgbé o.) Àmọ́ èyí tí àgbẹ̀ ń gbìn kì í yúnni. Ó ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń pa ẹ̀kan, ewé rẹ̀ sì ń jẹrà di ajílẹ̀.

Àwa ńkọ́? Gbogbo Friday la máa ń fi ọkọ́ ha koríko ẹ̀yìn láàbù kúrò, a ó gbá ewé jọ, a ó dáná sun ún. Oúnjẹ ilẹ̀ là ń jó yẹn. Tí ilẹ̀ bá wá wà níhòòhò, òjò á gbá yanrìn òkè lọ sínú gọ́tà, amọ̀ ìsàlẹ̀ á yọjú, òun ló ń yọ̀ wá lẹ́sẹ̀. Àwa la fọwọ́ ara wa ṣe ẹrẹ̀ tí a ń kígbe sí.

Tí íntálọ́ọ̀kù bá bo gbogbo ẹ̀, omi yẹn ò ní pòórá. Ó kéré tán, báyìí ilẹ̀ ń mu díẹ̀. Ọ̀nà búlọ́ọ̀kù JSS ló máa gbà, ẹni tó bá wà níbí nígbà òjò July mọ bí gọ́tà ibẹ̀ ṣe máa ń kún.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa nílò ibi tí wọ́n á gbé mọ́tò sí, oòrùn Òjó kò ṣeé ṣeré pẹ̀lú. Mọ́tò mẹ́fà ni mo kà ní ọjọ́ Monday. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi íntálọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ géètì fún mọ́tò, kẹ́ ẹ fi ìlà tóóró kan ṣe ọ̀nà lọ sí láàbù kí ẹsẹ̀ wa lè mọ́. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wa fún táàmù méjì péré. A ò ní sun ewé mọ́. A ó kó ìgbẹ́ adìyẹ sí i, a ó gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sórí ebè. Tí kò bá hù, èmi fúnra mi á bá yín to íntálọ́ọ̀kù náà.

Ìpàdé PTA di Saturday. Ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lójú fèrèsé láàbù. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kó mì wọ́n, kó sì dúró díẹ̀.