Ẹ Má Torí Àdúrà Lé Ajá Yín Jáde

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Kì í ṣe ajá ràgàjì tí àwọn olówó ń so mọ́ géètì o. Ajá kékeré ilé wa yìí ni mò ń sọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bíńgò, tó máa ń ká jọ sẹ́nu ọ̀nà bí àpò ṣákì, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí.

Ìdí tí mo fi gbé e wá rèé. Láàárín oṣù díẹ̀ sí ìsinsìnyí, ó tó èèyàn mẹ́ta nínú ìjọ tó ti wá bá mi pé àwọn fẹ́ lé ajá àwọn dànù. Ẹni àkọ́kọ́ ní ó máa ń gbó tí àwọn bá ń gbàdúrà òru, kì í jẹ́ kí ọkàn àwọn pa pọ̀. Ẹnì kejì ní ọkùnrin kan tó ń ṣe wòlíì káàkiri wọlé àwọn, ajá gbó mọ́ ọn, ó sì ní ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ilé náà ló wà nínú ajá yẹn. Ẹnì kẹta, opó ni. Òun àtàwọn ọmọ kéékèèké ló ń gbé inú ilé tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, tí igbó ò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sọ fún un pé àìnígbàgbọ́ ni kéèyàn máa sin ajá torí olè. Ó ní ta ló yẹ kó máa ṣọ́ni, ṣé ajá ni àbí Jésù?

Mo sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n fi ajá wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ò tíì wá béèrè ló ń rò ó lọ́kàn.

Ẹ wo ibi tá a wà ná. Ìlú wa ò jìnnà sí igbó ọba, Old Oyo National Park, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè ní 1991. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró ni. Ìbùkún ni igbó yẹn, mi ò sọ pé kì í ṣe ìbùkún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà inú ẹ̀ lè yọ síni láti ibi tá ò fọkàn sí. Láti òru oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n kọlu Ìgàngàn, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sun ààfin, kò sí ìlú kan ní apá ibí yìí tó tún sùn bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn wà, láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti dá a sílẹ̀ n'Íbàdàn. Àwọn ọlọ́dẹ wa wà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ló máa sọ fún ọlọ́dẹ pé àlejò ti wọ ẹ̀yìnkùlé yín ní aago méjì òru? Ká má tiẹ̀ sọ ti ajínigbé, olè ewúrẹ́ ńkọ́? Olè ọ̀kadà ńkọ́? Olè tó ń wá kó kajú tẹ́ ẹ ti ṣà sínú àpò, tẹ́ ẹ ń retí oníbàárà?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ pé, «Dádì, a ó ra kámẹ́rà ránṣẹ́.» Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹ rà á wá o. Àmọ́ kámẹ́rà ń jẹ iná, ó sì ń jẹ dátà, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe wá lọ́hùn-ún. Kámẹ́rà á sì tún fi ojú olè hàn yín láàárọ̀, lẹ́yìn tó ti lọ tán. Ajá ò ní fi ojú olè hàn yín. Kí olè tó wọlé ló máa sọ fún yín.

Àwọn kan á ní, ṣé ajá tó kéré yìí ló máa bá olè jà? Rárá o! Ẹ ò ní kó jà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ajá ni kó bu olè jẹ, torí náà wọ́n á lọ fi owó rẹpẹtẹ ra ajá òyìnbó, èyí tó ń jẹ ju ọmọ ilé lọ, tí wọn ò sì lè bọ́ títí ọdún fi parí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí olè ń wá lóru ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ti lè ba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn jẹ́ ti ba iṣẹ́ olè jẹ́, bó ṣe wù kó kéré tó. Ìró tí etí àwa èèyàn lè gbọ́ ò kọjá nǹkan bí 20,000 ìgbọ̀nrìrì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ajá tó nǹkan bí 45,000. Imú rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò ṣeé fi wé tiwa rárá. Etí àti imú yìí, ajá kékeré ní i bí ajá ńlá ṣe ní i. Oorun rẹ̀ ò sì wúwo, ẹ̀kọ àná àti egungun sì tó o.

Kì í ṣe àwa nìkan la mọ èyí. Ní Tíbẹ́ẹ̀tì, lórí òkè Himalaya, ajá kékeré onírun gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Lhasa Apso. Àwọn kan ń tà á ní Èkó àti Ìbàdàn báyìí bí ajá fáàrí, ọmọge á gbé e lé apá, á fi rìbọ́nù sí i lórí. Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nílé ni pé kó máa ṣọ́ inú ààfin àti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn wọn. Ajá ńlá á wà níta, òun á wà nínú, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́, òun ló sì máa jí ilé. Ẹ rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ajá ló ń gbó o. Irú kan wà ní ilẹ̀ Kóńgò, Basenji lorúkọ ẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, débi pé agogo onígi ni àwọn ọlọ́dẹ ibẹ̀ ń so mọ́ ọn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà nínú igbó. Tiwa ń gbó, ẹ wá ń bínú!

Ìtàn kan tún wà láti ìlú Róòmù, nǹkan bí 390 ọdún ṣáájú Kristi. Àwọn ọmọ ogun Gaul rọra ń gun òkè bọ̀ lóru láti wá gba odi ìlú. Wọ́n ní àwọn ajá tó wà níbẹ̀ ò gbó. Pẹ́pẹ́yẹ ńlá funfun inú tẹ́ńpìlì ló pariwo tí àwọn ọmọ ogun fi jí. Àwọn ìyá wa tó ń sin ẹtù nílé mọ ohun tí mò ń wí. Bí ejò bá kọjá lọ́gànjọ́, ẹtù á fi igbe ta. Ẹni tí ò bá fẹ́ ajá rárá, kó sin ẹtù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sínú Ìwé. Ẹni tó sọ pé àìnígbàgbọ́ ni, Sáàmù 127 ló ń dì mú, níbi tó ti wí pé bí Olúwa ò bá ṣọ́ ìlú, ìmúlẹ̀mófo ni ti olùṣọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa. Kò ní kí olùṣọ́ lọ sùn. Ẹ ṣí Nehemáyà orí kẹrin. Nígbà tí àwọn ọ̀tá ń halẹ̀, ohun méjì ni wọ́n ṣe nínú ẹsẹ kan ṣoṣo: wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ tún ka ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Afọnfèrè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nehemáyà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fọn ọ́n kí àwọn èèyàn mọ ibi tí wọ́n máa sáré sí. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òun àti bíńgò yín?

Kódà, nínú Aísáyà 56, nígbà tí Ọlọ́run ń bá àwọn olùṣọ́ Ísírẹ́lì wí, ohun tó fi wọ́n wé ni ajá tó yadi, tí ò lè gbó, tó fẹ́ràn oorun. Ẹ ò rí i pé ajá tí ò gbó ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀? Èyí tó ń gbó ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Mo tún rántí nǹkan kan tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Obìnrin ará Fòníṣíà ti Síríà tó bẹ Jésù nítorí ọmọ rẹ̀, tó ní ajá náà ń jẹ èérún abẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni «kynarion», ajá kékeré, ajá inú ilé. Kì í ṣe ajá ìgboro tó ń jẹ ààtàn kiri. Ajá tí Fílípì orí kẹta àti Ìfihàn orí ìkẹyìn ń bú, tẹ́ ẹ máa ń fà yọ fún mi, àwọn èèyànkéèyàn ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ wòlíì yẹn ńkọ́? Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn. Ajá gbó mọ́ ẹni tí ò rí rí, kí ló fẹ́ kó ṣe, kó dọ̀bálẹ̀ kí i káàbọ̀? Ẹ̀mí òkùnkùn wà, mo gbà, orúkọ Jésù la fi ń lé wọn. Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń gbó lọ́nà ibi kan náà lóru, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì. Ó lè jẹ́ ejò. Ó lè jẹ́ ọ̀yà. Ó lè jẹ́ èèyàn.

Ní ti pé ó ń gbó nígbà àdúrà òru, háà. Àwa tá a ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe Olúwa títí di aago mẹ́rin ìdájí, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ wa, ajá lẹ wá ní ó ń pariwo! Ìró tó yàtọ̀ ló gbọ́, ó ń dá wa lóhùn ni.

Àwọn àgbà tó ti ṣọdẹ mọ̀ pé ẹnu ajá ní èdè. Bó ṣe ń gbó ewúrẹ́ yàtọ̀ sí bó ṣe ń gbó àlejò. Kíkùn yàtọ̀, híhu yàtọ̀. Bí ẹyọ kan bá gbó lápá ọ̀nà oko, tí tilé kejì gbà á, tí ti ìkẹta tún gbà á, ẹni tó bá jókòó sínú òkùnkùn tó ń fetí sílẹ̀ lè mọ ibi tí ẹni náà ń rìn gbà. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní. Ìdí tí mo fi ń bẹ yín nìyẹn, torí ajá tiyín kì í ṣe tiyín nìkan. Bó bá sì gbó, ẹ má ju bàtà lù ú kẹ́ ẹ sì yí ẹ̀yìn padà sùn. Ẹ dìde. Ẹ má ṣílẹ̀kùn o! Ẹ pe aládùúgbò, ẹ pe ọlọ́dẹ. Ajá ò lè dá ìbọn dúró, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló lè fún yín, ẹ̀yin lẹ máa mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe.

Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá wọn lò. Itọ́ ajá jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ kó kan aṣọ àdúrà wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn wọn náà fàyè gba ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn. Ẹ má jẹ́ kí tiyín máa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ká má sì sọ ọ́ ní orúkọ tí a fi ń bú aládùúgbò. Àwọn Tanífẹ́ni, Ènìyànṣòro tẹ́ ẹ máa ń pariwo ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yẹn, gbogbo ìlú ló mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá wí.

Ibi tí n ò ti ní gbà fún yín ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Àrùn dìgbòlugi ò mọ Kristẹni. Àjọ ìlera àgbáyé ní nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ajá ló ń kó gbogbo ẹ̀ ran èèyàn. Tó bá ti fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Ọmọdé ló sì máa ń bá ajá ṣeré jù. Bí ajá bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ata, kì í sì í ṣe òróró àdúrà nìkan. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ẹ pè mí, mo máa wá gbàdúrà. Ajá fúnra ẹ̀, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún.

Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ sínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fún un lómi. Ẹ bọ́ ọ fúnra yín, kó má baà máa gba ẹran lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀, torí olè tó gbọ́n á kọ́kọ́ ju ẹran onímájèlé wọlé. Lóru, ẹ jẹ́ kó sùn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tẹ́ ẹ ní ajá, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ní sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún akọ̀wé ìjọ kí ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ tó parí. Mo fẹ́ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀, bá a bá pọ̀, á rọrùn fún un láti wá bá wa, owó ọkọ̀ á sì kéré. Tẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa náà wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn. Lọ́jọ́ náà, àgbà ni kó mú ajá wá, kì í ṣe ọmọdé, kẹ́ ẹ sì fi okùn sí i lọ́rùn. Èyí tó bá máa ń géni jẹ, ẹ fi aṣọ di ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.