Òpó Afárá Kì Í Ṣe Àpáta

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohunkóhun tí a bá ti fi kọnkéré àti irin mọ, mìmì kan kò lè mì í mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe òtítọ́, ó sì ti mú ẹ̀mí lọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1993, nítòsí ìlú Evergreen ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó fa táǹkì símẹ́ńtì yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì fi orí sọ òpó afárá. Òpó ṣẹ́, afárá wó. Ọkọ̀ méjì mìíràn tí ń bọ̀ rọ́ lu àwókù náà, ènìyàn méjì sì kú.

Kí ni ó fà á? Kọnkéré lágbára púpọ̀ bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n bí a bá fà á tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ kọ, kíá ni ó ń sán. Nítorí náà ni a ṣe ń fi irin sínú rẹ̀. Ọkọ̀ kì í ti òkè wá. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń kọlu òpó, lójijì, nítòsí ilẹ̀. Òpó kò ráyè tẹ̀. Gígé ni ó ń gé. Òrùka irin tí ó di àwọn irin òòró pọ̀ ni ó lè gbà á là. Bí òrùka wọ̀nyí bá jìnnà síra, kọnkéré yóò fọ́ dànù, irin yóò sì wọ́.

Eré sísá sì burú ju ẹrù lọ: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó gbé wá di ìlọ́po mẹ́rin. Ní Texas, àwọn onímọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 36 sáré máìlì 50 ní wákàtí kan lu òpó ìdánwò. Ní ọdún 2012, AASHTO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ojú ọ̀nà ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ agbára tí òpó gbọ́dọ̀ lè gbà di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 270, dípò nǹkan bí 180 ti àtẹ̀yìnwá.

Ní Nàìjíríà náà, ọkọ̀ akẹ́rù ti kọlu afárá ẹlẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, kí òpó ó nípọn, kí òrùka irin rẹ̀ ó sún mọ́ra, kí ògiri ààbò ó sì dúró níwájú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ti kọlu òpó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi símẹ́ńtì rẹ́ ojú ọgbẹ́ náà kí ó sì fi ọ̀dà bò ó kí ẹnjiníà tó yẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀dà kì í wo egungun tí ó ṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí a bá ń ṣí afárá tuntun, ìlù àti ijó kò burú. Ṣùgbọ́n ará ìlú tí owó orí rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ aláṣẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí aláṣẹ náà wà: “Kí ni ó wà nínú òpó yìí, kí ni ó sì dáàbò bò ó?”