Ẹni Tó Ń Sáré Wá Sílé-Ìwé Kì Í Ṣe Ẹni Yẹ̀yẹ́

Àwọn àgbà ní èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwa tá à ń sáré wá sílé-ìwé láràárọ̀. "Ta ló ń lé e? Àbí kò rówó ọkọ̀ ni?" Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè méjèèjì lónìí, lẹ́yìn náà ni màá sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ilé-ìwé wa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó ọkọ̀, torí òun ni ejò tó ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà fún lítà kan ti lé ní 480. Gbogbo ẹni tó ń wọ Micra tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá n'Ìbàdàn níbí ló mọ bí owó ọkọ̀ ṣe fò sókè lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ilé tó ní ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé á sanwó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, ìyẹn ọgbọ̀n ìgbà lọ́sẹ̀. Ká ní 200 náírà péré ni lẹ́ẹ̀kan, 6,000 náírà ti lọ lọ́sẹ̀ kan nìyẹn, kí wọ́n tó ra ìwé, kí wọ́n tó jẹun. Òbí tó bá ní kí ọmọ òun máa fẹsẹ̀ lọ kì í ṣe ìkà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tá ò kúkú máa rọra rìn? Àkókò ni. Ẹni tó ń rin kìlómítà 4 á lò tó ìṣẹ́jú 50 lójú ọ̀nà. Bó bá ń rọra sáré, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ti tó o. Ogún ìṣẹ́jú tó kù yẹn, inú ẹ̀ la ti ń gbálẹ̀, tá à ń pọnmi, tá à ń wẹ àwọn àbúrò wa.

Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa Haile Gebrselassie, ọmọ Etiópíà? Nígbà tó wà lọ́mọdé ní agbègbè Arsi, kìlómítà 10 ló ń sáré lọ sílé-ìwé láàárọ̀, á tún sáré 10 padà sílé. Abẹ́ apá òsì ló máa ń fi ìwé ẹ̀ sí. Nígbà tó dàgbà tó ń bá gbogbo ayé díje, àwọn èèyàn ṣì ń rí i pé apá òsì yẹn máa ń ká kò, àfi bíi pé ìwé ṣì wà níbẹ̀. Ó gba wúrà nínú eré 10,000 mítà ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, ó sì tún gbà á ní Sydney lọ́dún 2000. Mi ò sọ pé gbogbo wa máa di Haile o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé-ìwé ló jìnnà tó fi ń sáré. Òun náà ò ṣe é fún ṣekárími.

Eré náà sì ń ṣe ara lóore. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Nínú timetable tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni eré ìdárayá wà, gbogbo wa la sì mọ bí Matimátíìkì ṣe máa ń gba àkókò yẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé eré ni wọ́n ń sá lọ síbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé wọn ò rówó ọkọ̀. Wọ́n á ká aṣọ iṣẹ́ sínú báàgì ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ, ó parí. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa nìyẹn: omi.

Ní tiwa, ẹni tó bá wọ aṣọ eré ìdárayá dé géètì, wọ́n á ní kò wọ yunifọ́ọ̀mù, á lọ kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó pẹ́ dé. Ẹni tó bá sì wọ yunifọ́ọ̀mù sáré, òógùn á ti rin ín gbingbin kó tó dé ìpéjọ òwúrọ̀. Tó bá jókòó ní kíláàsì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á fọwọ́ dímú. Kó tó di àkókò ìsinmi, wọ́n ti fún un lórúkọ. Mo mọ ọmọ kíláàsì wa kan tó kúkú yàn láti máa rìn, kó máa pẹ́, kó máa jẹ ìyà àwọn tó pẹ́ dé, ju kí wọ́n máa fi orúkọ yẹn pè é lọ. Ọmọ yẹn ò ya ọ̀lẹ. Ojú ló ń tì í.

Olùkọ́ wa kan sọ fún mi pé ọkọ̀ lòun ń bẹ̀rù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ títì wa ni kò níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, ọ̀kadà a sì máa gba ẹ̀bá ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa gba inú àdúgbò. Níbi tá a bá ti gba títì, ká dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, ká má kẹ̀yìn sí i. Ká má ki nǹkan bọ etí. Ká máa lọ ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, pàápàá jù lọ ẹ̀yin obìnrin. Ẹni tí mímí máa ń ni lára, kó má sáré nínú eruku ọyẹ́. Ẹni tí ò tíì jẹun láti àná, kó rọra rìn jàre.

Nǹkan mẹ́ta là ń tọrọ. Àkọ́kọ́, láti aago méje sí aago méje ààbọ̀, kí àwọn pírífẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí ẹni tó wọ aṣọ eré wọlé, bí yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ bá ti wà nínú báàgì. Èkejì, kí wọ́n fún wa ní dúróòmù kan àti garawa méjì, pẹ̀lú yàrá kan fún obìnrin àti òmíràn fún ọkùnrin. Àwa tá à ń sáré la ó máa pọnmi kún un nírọ̀lẹ́, ní tòun-tèmi. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa dá orúkọ pípè yẹn dúró, torí ẹnu tiyín ni wọ́n máa gbọ́.

Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká fi dán an wò. Tá a bá ba nǹkan jẹ́, tàbí tá a pẹ́ dé ìpéjọ, ẹ gba garawa yín padà.

Akọ̀ròyìn yín, SS 2