Fóònù àdàmọ̀dì kò mọ kòtò ojú títì

Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ àpù fóònù ní Òṣogbo tàbí Iléṣà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù àdàmọ̀dì inú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní emulator. Kò burú, ó dínwó.

Àmọ́ fóònù náà kò lára. Ká ní àpù kan ní láti ké sí ará ilé bí ọkọ̀ bá gbókìtì: sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìmì ló máa lò. Nínú kọ̀ǹpútà, máòsì ni wọ́n fi ń yí àwòrán fóònù sọ́tùn-ún sósì. Ṣé máòsì mọ bí ọ̀kadà ṣe ń já sí kòtò ni? Àpù bẹ́ẹ̀ yóò máa ké ìjàǹbá káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láìsí ìjàǹbá.

Kí wọ́n so fóònù gidi mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ìmì rẹ̀ máa wọ inú àdàmọ̀dì. Google ti ṣe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Android rí. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ pàápàá lè ṣe é, bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní 2013, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà l'Ọ́ṣun. Lílò ni wọ́n kọ́ wọn, kì í ṣe ṣíṣe. Fóònù àlòkù mẹ́wàá àti wáyà USB kò yẹ kó wọ́n ju agbára yunifásítì Ọ̀ṣun àti ti Iléṣà lọ.